Ẹ Bi Wá, A Ó Dá Yín Lóhùn: Iṣẹ́ Àṣekún Nílé Àwùjọ Àwọn Júù

Ìwé mẹ́ta ló tẹ̀ wá lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ kan náà: ọ̀kan láti Maryland ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan láti Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan láti Ìbàdàn. Gbogbo wọn dá lórí àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ nílé àwùjọ àwọn Júù, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń pè ní JCC. A ti gé àwọn ìwé náà kúrú, a sì ti yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín o. Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo wà nílé àwùjọ àwọn Júù kan níbí. Mo ń gbé oúnjẹ fún wọn, mo ń tún ibi ìjókòó wọn ṣe, mo sì ń sin àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn dé ìdí ọkọ̀. Mo fẹ́ràn wọn, àwọn náà sì fẹ́ràn mi. Nígbà tí màmá kan nínú wọn ń ṣe ọjọ́ ìbí, mo se mọ́ínmọ́ín tó dáa láti ilé, mo fi edé àti ẹyin sí i, àmọ́ alábòójútó ilé ìdáná kò jẹ́ kí n gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà. Ó dùn mí wọra. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, mo pa gbogbo iná tí mo rí pé ẹnikẹ́ni kò lò kí n tó máa lọ sílé, wọ́n tún bá mi wí nítorí ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ mo máa ń dúró ràn wọ́n lọ́wọ́ lẹ́yìn tí àsìkò iṣẹ́ mi bá ti parí, láìgba kọ́bọ̀. Bàbá àwọn ọmọ mi ní kí n máa ṣe ìwọ̀nba tí wọ́n ń sanwó fún, kí n sì máa bọ̀ nílé. Kí ni kí n ṣe? – Ìyá Ìbejì, Maryland.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àfaradà. A kò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ dín ìfẹ́ yín kù, nítorí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ níbi iṣẹ́ tí a ti ń tọ́jú arúgbó. Ohun tí a rí nínú ìwé yín ni pé oore yín ń yára ju ohun tí ẹ mọ̀ nípa àwọn tí ẹ ń ṣe é fún. Iṣẹ́ àṣekún tó ní láárí ni èyí tí ẹni tí a ṣe é fún lè fi ọwọ́ méjèèjì gbà láìrú òfin ara rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yín ti ń wọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ti mọ́ínmọ́ín. Òfin oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní kóṣà wà nínú Bíbélì tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń kà, nínú ìwé Léfítíkù orí 11: nínú ohun tó ń gbé inú omi, èyí tó bá ní lẹbẹ àti ìpẹ́ nìkan ni kí wọ́n jẹ. Edé kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì, alákàn náà kò ní. Ẹja àrọ̀ ní lẹbẹ ṣùgbọ́n kò ní ìpẹ́, nítorí náà kò bọ́ sí i, ìgbín pàápàá kò sí lára ohun tí wọ́n lè jẹ. Èpìyà ní méjèèjì, wọ́n sì ń jẹ ẹ́. Ká tilẹ̀ ní ẹ kò fi edé sínú mọ́ínmọ́ín yẹn, ìkòkò yín ti se ẹran tí wọn kò pa ní ìlànà wọn rí, ó sì ti se edé rí, wọ́n sì gbà pé adùn ohun tí a sè máa ń wọ inú ìkòkò lọ, a sì tún máa jáde sínú oúnjẹ tí a bá sè tẹ̀ lé e. Ìdí nìyí tí ilé ìdáná kóṣà fi ń ya ìkòkò, ọ̀bẹ àti ibi ìfọbọ́ ti ẹran sọ́tọ̀ kúrò lára ti wàrà, tí wọn kì í sì í jẹ́ kí oúnjẹ tí a sè nílé ẹlòmíràn wọlé, ì báà jẹ́ ti ọmọ ìjọ wọn gan-an. Ẹni tó dá yín dúró yẹn, iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ló ń ṣe. Mashgiach ni wọ́n ń pe irú alábòójútó bẹ́ẹ̀, bí ó bá sì dẹwọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, àwọn tó ń pa òfin náà mọ́ kò ní lè jẹun níbẹ̀ mọ́.

Ó yẹ kí ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ilé ìdáná yẹn dáadáa lọ́jọ́ tí àyè bá gbà yín. Bí wọ́n bá fẹ́ lo ẹyin, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fọ́ ọ sínú ife tí ó mọ́ gaara, wọ́n á gbé ife náà sókè, wọ́n á yí i sọ́tùn-ún sósì, bí àmì ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, wọ́n á dà á nù kí wọ́n tó da èyí tó mọ́ sínú àwo ńlá. Ewébẹ̀ pẹ̀lú, wọn kì í kàn ṣàn án lásán: wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi, wọ́n á wá máa gbé ewé kọ̀ọ̀kan síwájú iná láti wò ó bóyá kòkòrò tín-ín-tín kan ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí kòkòrò yẹn gan-an jẹ́ èèwọ̀. Iṣẹ́ sùúrù ni, ó ń gba àkókò, ó sì ń fẹ́ ojú tó mú. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ohun tó kọjá iṣẹ́ yín lọ́nà tí wọn yóò fi mọrírì rẹ̀, ẹ lọ bá alábòójútó náà, ẹ ní kí ó kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ṣa ewébẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè wá bi í bóyá mọ́ínmọ́ín ṣeé sè nínú ilé ìdáná tiwọn. Ẹ̀wà, ata, àlùbọ́sà àti òróró tí wọ́n ti fọwọ́ sí, nínú ìkòkò tiwọn, láìsí edé, pẹ̀lú ewé tí wọ́n ti yẹ̀ wò tàbí agolo tí kò tíì kan oúnjẹ mìíràn rí, kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Wọ́n lè ní kí ọ̀kan nínú wọn tan iná rẹ̀ fún yín. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ìdáná kóṣà ló ń fẹ́ kí ọwọ́ Júù kan iná tí a fi se oúnjẹ. Màmá yẹn yóò jẹ mọ́ínmọ́ín rẹ̀, ẹ̀yin náà yóò sì rí i kó jẹ ẹ́.

Ti iná ọjọ́ Ẹtì ńkọ́? Ṣábátì, ọjọ́ ìsinmi wọn, ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ó ń parí nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú tán lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwọn obìnrin wọn sì sábà máa ń tan àbẹ́là ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 18 kí oòrùn tó wọ̀. Láàárín àkókò yẹn, àwọn tó ń pa òfin mọ́ kì í tan iná, wọn kì í sì í pa á. Iná tí ẹ bá rí tó ń tàn ní ilé ìyàgbẹ́, ẹni kan ló mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n tilẹ̀ máa ń fi tépù bo bọ́tìnnì rẹ̀ nígbà mìíràn kí ẹnikẹ́ni má ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Àwa tí a dàgbà sábẹ́ ìyà iná mànàmáná mọ ohun tó gbé yín dé ìdí pípa iná, ìfura ẹni tó mọ iyì iná ni. Ṣùgbọ́n arúgbó tó bá dé ilé ìyàgbẹ́ tó ṣókùnkùn lóru yẹn kò ní lè tan iná, ó sì lè ṣubú. Ìlànà tó dára jù ni pé kí ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnnì, ààrò tàbí ìkòkò omi gbígbóná kankan láti ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, àyàfi bí ọ̀gá yín bá ti sọ èyí tí ó fẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Nínú ẹ̀kọ́ wọn, Júù kò gbọdọ̀ rán ẹni tí kì í ṣe Júù ní iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò lè ṣe lọ́jọ́ Ṣábátì. Nítorí náà, bàbá kan lè wò yín lójú kó ní, “Ooru yàrá yìí mà pọ̀ o,” kó sì dákẹ́. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Ẹ fọgbọ́n wò ó bóyá ẹ̀rọ amúlétutù ló ń fẹ́, ẹ má sì fi dandan mú un kó là á mọ́lẹ̀. Ti àìsàn tàbí ewu ẹ̀mí yàtọ̀ pátápátá: gbígba ẹ̀mí là ga ju Ṣábátì lọ nínú òfin wọn, ẹnikẹ́ni nínú wọn ló sì lè gbé fóònù kó pe ọkọ̀ aláìsàn. Ẹ má dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ẹ tó pè é.

Nínú àwọn àgbàlagbà yín, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ ìpakúpa tí ìjọba Násì ilẹ̀ Jámánì ṣe, èyí tó pa mílíọ̀nù mẹ́fà Júù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àjọ Claims Conference, tó ń bá wọn gba owó ìtanràn, ṣírò pé nǹkan bí 245,000 ló ṣẹ́ kù káàkiri ayé, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ló sì jẹ́ ọmọdé nígbà náà. Ẹni tó ń tọ́jú wọn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohun tí a kà sí kékeré lè dá wọn padà sí ibi tí wọn kò fẹ́ rántí. Omi ẹ̀rọ tó dà lé wọn lórí lójijì lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí ìlà tí a ní kí wọ́n tò fún oúnjẹ, ajá tó ń gbó, tàbí ohùn tó le láti ẹnu ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́ ṣe lè ṣe é. Bí ẹ bá rí màmá kan tó ń di búrẹ́dì mọ́ inú báàgì rẹ̀, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má sì rẹ́rìn-ín. Ẹ fún un ní bébà tó mọ́ kó fi wé e. Bí ẹ bá fẹ́ wẹ ẹnì kan, ẹ sọ fún un ṣáájú, ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan omi náà, kó sì sọ bó ṣe fẹ́ kó gbóná tó. Ẹ gbé àwo lọ bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí dípò kí ẹ pè wọ́n wá tò. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni irú àṣekún yìí ń gbà, kò sí ẹ̀bùn tó tó o.

Ẹ má sì wàásù fún wọn. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń ka orúkọ Ísírẹ́lì nínú Bíbélì lójoojúmọ́, tí ìfẹ́ wọn sì ti ibẹ̀ wá, àmọ́ àwọn èèyàn yìí ti rí ìyà lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ fi agbára yí wọn lẹ́sìn padà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ìwé pélébé kan lórí ìgbàlà tí ẹ bá fi sórí tábìlì wọn lè ba gbogbo oore tí ẹ ti ṣe jẹ́.

Ní ti dídúró láìgba owó, a fara mọ́ ohun tí bàbá Ìbejì sọ dé ìwọ̀n kan. Òfin iṣẹ́ Amẹ́ríkà ti ọdún 1938 kò gba ilé iṣẹ́, ì báà jẹ́ ti àjọ aláàánú, láyè pé kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa ṣe irú iṣẹ́ kan náà tí wọ́n gbà á fún lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn àsìkò. Wákàtí tí ẹ bá lò níbẹ̀, owó rẹ̀ ní láti wọlé, bí ó bá sì ju 40 lọ ní ọ̀sẹ̀ kan, owó àfikún wà lórí rẹ̀. Ẹ̀yin lè rò pé ẹ ń ṣàánú wọn, àmọ́ ẹjọ́ ni ẹ lè kó bá wọn. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín, kí wọ́n kọ wákàtí yẹn sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ara yín ṣọrẹ ní tòótọ́, kí ó jẹ́ ohun mìíràn tó yàtọ̀ sí iṣẹ́ yín, irú bíi kí ẹ kọ́ wọn lórin Yorùbá ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ní àkókò tí ẹ̀yin fúnra yín yàn, tí ẹnikẹ́ni kò fi dandan mú yín. Ẹ ka ìdáhùn yìí fún bàbá Ìbejì, ẹ bá wa kí wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹnu ọ̀nà ilé àwùjọ àwọn Júù kan ni mo ń ṣọ́. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ kan, ìyá arúgbó kan dé láìmú káàdì rẹ̀ lọ́wọ́, mo sì ṣílẹ̀kùn fún un nítorí pé ó ń tutù. Ọ̀gá mi bínú gidigidi. Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ mi nílé náà kọ́ ni mo ṣe yẹn? – Òǹkàwé yín ní Lọ́ńdọ̀nù.

ÌDÁHÙN: Àbúrò wa, wọ́n tọ́ ọ dáadáa nílé, ọ̀gá rẹ náà kò sì jẹ̀bi. Ẹnu ọ̀nà tí o ń ṣọ́ kò dà bí ti ilé ìtajà. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 2014, ọkùnrin kan tó kórìíra Júù yìnbọn níwájú ilé àwùjọ wọn ní Overland Park ní ìpínlẹ̀ Kansas àti níwájú ilé àwọn arúgbó wọn, ó pa èèyàn mẹ́ta, kò sì sí Júù kankan nínú àwọn mẹ́ta tó kú. Ní ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 1994, bọ́ǹbù wó AMIA, ilé àwùjọ àwọn Júù ní Buenos Aires, ilẹ̀ Ajẹntínà, èèyàn 85 ló kú. Ìwọ náà wà lára àwọn tí ilẹ̀kùn yẹn ń dáàbò bò, àti olùfọṣọ, àti ẹni tó gbé ọmọ rẹ̀ wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀.

Nítorí náà, má ṣe fi ilẹ̀kùn ṣe oore. Ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ ló ní ilẹ̀kùn méjì, tí èkejì kì í ṣí àfi bí àkọ́kọ́ bá ti tì gbọn-ingbọn-in, kí ẹnikẹ́ni má bàa rọ́ wọlé tẹ̀ lé ẹni tí a mọ̀. Bí o bá dì í mú fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, o ti ba gbogbo ètò náà jẹ́. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ ni agbòòrùn. Ní kí wọ́n fún ọ ní agbòòrùn ńlá àti àga kan síbi iṣẹ́. Nígbà tí ìyá arúgbó bá dé, bí ìlànà ibi iṣẹ́ rẹ bá gbà ọ́ láyè, jáde lọ bá wọn, bo òjò kúrò lórí wọn, kí ẹnìkejì rẹ máa wá orúkọ wọn nínú ìwé. Kọ́ ojú àti orúkọ àwọn àgbà tó ń wá lójoojúmọ́, kí o lè máa fi orúkọ kí wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, “Shabbat shalom” ni kí o wí. Má na ọwọ́ sí obìnrin tó múra bí ẹlẹ́sìn líle àyàfi bí ó bá kọ́kọ́ na tirẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í bọ ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí wọn lọ́wọ́. Àjọ Community Security Trust, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1994, ń kọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ibi ìpéjọpọ̀ àwọn Júù ní Bìrìtìkó. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé o fẹ́ mọ̀ bóyá ààyè wà fún ọ láti gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Bíbéèrè yẹn yóò wú u lórí ju ilẹ̀kùn tí o ṣí lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, àlàáfíà fún yín. Ọmọ mi obìnrin ń tọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké nílé àwùjọ àwọn Júù kan ní New York, ó sì ń fi gbogbo ara ṣe é. Mùsùlùmí ni wá. Ṣé ilé ìjọsìn ni ibẹ̀? Kí ni àwọn ilé náà ń ṣe fún ẹni tí kì í ṣe tiwọn? – Alhaji, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Alhaji, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ilé ìjọsìn kọ́ ni, sínágọ́gù ni wọ́n ti ń jọ́sìn. Ilé àwùjọ bẹ̀rẹ̀ ní Baltimore ní ọdún 1854, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin Júù dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti máa kàwé kí wọ́n sì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní New York ní ọdún 1874 ló di ilé tí gbogbo ìlú mọ̀ sí 92nd Street Y. Nígbà tí àwọn Júù ń sá wọ Amẹ́ríkà láti ìlà oòrùn Yúróòpù, irú àwọn ilé wọ̀nyí ló ń kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ lè fi wé ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tí àwọn ará wa ń dá sílẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, àmọ́ tiwọn ní ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé, adágún ìwẹ̀ àti gbọ̀ngàn eré nínú, ẹni tí kì í ṣe Júù sì lè wọ ẹgbẹ́ ní ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ní ti ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹlòmíràn, ẹ wo Kraków ní ilẹ̀ Pólàǹdì. Ilé àwùjọ Júù tó wà níbẹ̀ ṣí ní ọdún 2008, ọba Charles tó jẹ́ ọmọ ọba nígbà náà sì wà níbi ìṣíṣí rẹ̀, nítorí pé ìbẹ̀wò rẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn arúgbó Júù ìlú náà ní ọdún 2002 ló mú èrò náà wá. Ìlú yẹn kò jìnnà sí Auschwitz, àgọ́ tí ìjọba Násì ti pa ọ̀kẹ́ àìmọye Júù, Júù tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ kò sì tó nǹkan, nítorí náà àwọn ọ̀dọ́ Pólàǹdì tí kì í ṣe Júù ló wà lára àwọn tó ń fi ara wọn ṣọrẹ jù níbẹ̀: wọ́n ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà gba àlejò, wọ́n ń ran àwọn arúgbó lọ́wọ́. Nígbà tí Rọ́ṣíà kógun wọ Ukraine ní oṣù Kejì ọdún 2022, tí àwọn ìyá àti ọmọ ń rọ́ wọ Pólàǹdì, ilé náà ṣílẹ̀kùn fún wọn, ó fún wọn ní oúnjẹ, aṣọ, òògùn àti ibi tí wọn yóò sùn, bẹ́ẹ̀ àwọn tí kì í ṣe Júù ló pọ̀ jù nínú àwọn tó gbà á.

Ní Pittsburgh pẹ̀lú, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, nígbà tí apànìyàn kan pa èèyàn 11 nínú sínágọ́gù Tree of Life, ilé àwùjọ tó wà ládùúgbò náà di ibi tí àwọn ẹbí wá jókòó dúró de ìròyìn àwọn èèyàn wọn. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí àwọn tó ń gbé omi fún irú àwọn ẹbí bẹ́ẹ̀, tó ń wá àga, tó ń di ọmọ wọn mú, òṣìṣẹ́ bí ọmọ yín ni wọ́n. Ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ yẹn kò sí nínú ìwé tí wọ́n fi gbà wọ́n síṣẹ́.

Kò sí ohun tó ní kí ọmọ yín fi ìrun rẹ̀ sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ yẹn. Ẹ ní kí ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ fún igun kan tó dákẹ́ tí ó lè máa kírun sí, ọ̀pọ̀ ilé bẹ́ẹ̀ yóò gbà, nítorí àwọn náà mọ ohun tí àkókò àdúrà jẹ́. Oúnjẹ rẹ̀ ni kí ó ṣọ́ra fún: bí ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé náà bá jẹ́ ti kóṣà, kí ó má ṣe pín oúnjẹ tí ó gbé wá láti ilé fún ọmọ kankan, ì báà jẹ́ bísíkíìtì, àyàfi bí olùkọ́ àgbà bá ti fọwọ́ sí i. Ó lè bá àwọn òbí ọmọ sọ̀rọ̀ nípa ọdún wọn, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan dáadáa. Ọjọ́ Yom Kippur, ọjọ́ ètùtù àti ààwẹ̀ wọn, ilé náà sábà máa ń tì. Ọjọ́ Iléyá kò sí nínú kàlẹ́ńdà wọn, nítorí náà kí ó kọ̀wé béèrè ọjọ́ náà ní oṣù kan tàbí méjì ṣáájú, kí wọ́n lè wá ẹni tí yóò bá a dúró ti àwọn ọmọ.